Frantz Fanon: Dókítà tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa lọ́mọ ọdún 36

Ọdún 1960 tí ilẹ̀ wa, Dahomey ìgbà yẹn, gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé, ọdún náà ni àìsàn kọ lu dókítà kan tó ń bá Faransé jà nítorí Algeria. Frantz Fanon lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ará Pobè àti Sakété tí bàbá yín wà lára àwọn ọmọ Dahomey tí Faransé kó lọ jagun ní Algeria, ẹ mọ̀ pé ogun ọ̀hún kò jìnnà sí wa.

Erékùṣù Martinique ni wọ́n bí i sí ní 1925, láàárín ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ó bá Faransé ja Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Lyon. Ní 1953, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn Blida ní Algeria. Àwọn tí wọ́n dá lóró ń wá gbàtọ́jú lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá tó ń dáni lóró náà ń wá. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ní 1956, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì bá àwọn ajìjàǹgbara FLN lọ.

Ìjọba àwọn ajìjàǹgbara fi í ṣe aṣojú wọn ní Accra ní 1960. Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí Mali, ó ń wá ọ̀nà tí ohun ìjà lè gbà wọ Algeria láti gúúsù. Ìgbà tó dé, ó ti rù, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ funfun ti pọ̀ kọjá ààlà nínú ara rẹ̀. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Nínú àìsàn yìí, ẹ̀jẹ̀ funfun tí kò wúlò á gba gbogbo àyè, bí ìgbà tí ọlọ́jà kan gba gbogbo ìsọ̀ tí àwọn tó ń ta oúnjẹ kò ríbi jókòó.

Wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Soviet. Myleran ni wọ́n fún un, oògùn tí wọ́n ń lò nígbà náà fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ara rẹ̀ balẹ̀ fún oṣù díẹ̀, ó sì fi àsìkò yẹn parí ìwé rẹ̀, Les Damnés de la terre. Àmọ́ àìsàn náà padà. Oògùn ìgbà yẹn lè dín in kù, kò lè fa gbòǹgbò rẹ̀ tu.

Ní 1960 kan náà, Peter Nowell àti David Hungerford rí àbùkù kan ní Philadelphia nínú àbùdá àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ní 1973, Janet Rowley fi hàn pé okùn àbùdá méjì, 9 àti 22, ló ṣe pàṣípààrọ̀ ara wọn. Kì í ṣe àrùn ìdílé, kò sì í ràn, ohun yòówù kí aládùúgbò máa sọ. Ìmọ̀ yìí ló bí Glivec ní 2001. Láti 2003 ni ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń fún àwọn aláìsàn tó ní irú rẹ̀ ní oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Síbẹ̀, àìsàn yìí gbọ́n. Àbùdá inú èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ náà lè tún yí díẹ̀, bí ẹni pààrọ̀ agádágodo. Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i tẹ́lẹ̀ kò ní wọlé mọ́. Èyí tó bá yí bẹ́ẹ̀ ni yóò kù, òun ni yóò sì pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń fo ọjọ́ kan, tó ń lo ọ̀kan, nítorí pé ara ti yá, ló ń fún un láyè jù. Oògùn mìíràn wà fún àwọn tí Glivec kò ràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìyípadà kan wà tí wọ́n ń pè ní T315I tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ká.

Fanon kò rí ìkankan nínú wọn. Wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹwàá 1961 pẹ̀lú orúkọ Ibrahim, ó sì kú ní Bethesda ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Tunis, àwọn ajìjàǹgbara sì gbé e kọjá ààlà lọ sin sórí ilẹ̀ Algeria, oṣù méje kí orílẹ̀-èdè náà tó gba òmìnira.