Ìgbésí Ayé Ẹni Mímọ́ Maria Goretti, àti Ọ̀rọ̀ tí Kò Lè Sọ fún Ìyá Rẹ̀

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Keje lọ́dọọdún ni Ìjọ Mímọ́ ń ṣe ìrántí Ẹni Mímọ́ Maria Goretti, wúńdíá àti ajẹ́rìíkú. Àwọn ọmọbìnrin wa mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n n kò lè sẹ́ pé fún ọdún púpọ̀ ni èmi fúnra mi fi ń wàásù ìtàn yìí fún àwọn ọmọbìnrin nìkan, bí ẹni pé kò sí ọmọkùnrin nínú rẹ̀, bí ẹni pé kò sì sí òbí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àṣìṣe ni mo ṣe. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹwàá ọdún 1890 ni a bí Maria ní Corinaldo, ìlú kékeré kan lórí òkè ní ilẹ̀ Ítálì. Luigi Goretti ni baba rẹ̀, Assunta Carlini sì ni ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, tálákà sì ni wọ́n. Nígbà tí oko wọn kò tó wọn jẹ mọ́, wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí ìhà Róòmù ní 1896. Ní 1899 wọ́n dé Le Ferriere lẹ́bàá Nettuno, wọ́n ń ro oko olóko, wọ́n sì ń bá onílẹ̀ pín ìkórè. Ilẹ̀ àbàtà ni ibẹ̀, ẹ̀fọn sì kún un. Kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún àwa ohun tí ẹ̀fọn ń ṣe. Ní oṣù Karùn-ún 1900, ibà pa Luigi, ó sì fi opó sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké.

Àwọn Goretti nìkan kọ́ ni ó ń gbé inú ilé náà. Giovanni Serenelli àti ọmọ rẹ̀, Alessandro, ń bá wọn gbé. Oko kan náà ni wọ́n jọ ń ro, ilé ìdáná kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Lẹ́yìn ikú Luigi, Assunta gba ipò ọkọ rẹ̀ lóko, Maria, tí kò tí ì pé ọdún mẹ́wàá, sì gba ipò ìyá rẹ̀ nílé. Òun ni ó ń se oúnjẹ, tí ó ń pọn omi, tí ó ń tọ́jú àwọn àbúrò rẹ̀, tí ó sì ń fọ aṣọ àwọn Serenelli mọ́ ti ilé wọn. Kò lọ sí ilé ìwé. Kò mọ̀wé kà. Síbẹ̀ ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ títí a fi fún un ní Ara Kristi.

Ọmọkùnrin tí mo máa ń gbójú fò nìyí: Alessandro. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ìgbà èwe rẹ̀, ọtí sì ni baba rẹ̀ fẹ́ràn. Ó ti bá àwọn atukọ̀ ṣiṣẹ́ ní èbúté kí ó tó wá sóko. Ó mọ̀wé díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn burúkú ni ó ń kà nínú yàrá rẹ̀, òun sì fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú ìwé tí ó kọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ní 1961, pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ àti ẹgbẹ́ búburú ni ó tì í sọ́nà ìparun. Kò sí ẹni tí ó pè é jókòó kí ó sọ fún un pé ara ọmọbìnrin kì í ṣe ohun tí a ń gbà, pé bí ó bá sọ pé rárá, rárá náà ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ àìmọ́ lọ Maria, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ náà sì kọ̀. Ó wá búra pé bí ó bá sọ fún ẹnikẹ́ni, òun yóò pa á, òun yóò sì pa ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ọmọ náà kò sọ. Ohun tí ó lè ṣe kò ju pé kí ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó má fi òun nìkan sílé. Assunta rò pé ìṣe ọmọdé ni. Ó ní iṣẹ́ lóko, ó sì lọ. N kò dá opó náà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ọmọ rẹ̀ ti sọ pé òun kò fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù bùọ̀dá kan mọ́, tàbí sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń kọ́ ọ ní lẹ́sìnnì, tí a sì pè é ní alágídí? A ti kọ́ ọmọ náà láti máa dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ fún àgbà. A kò kọ́ ọ bí yóò ṣe kọ̀ fún àgbà. A kò tilẹ̀ fún un ní orúkọ tí yóò fi pe ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje 1902, àwọn ará ilé wà ní àgbàlá, wọ́n ń pa ẹ̀wà. Maria jókòó lókè àtẹ̀gùn, ó ń rán ṣẹ́ẹ̀tì tí ó ya, Teresa àbúrò rẹ̀ sì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì Alessandro ni. Ọmọkùnrin náà fi àwọn màlúù sílẹ̀ fún Assunta, ó gòkè wá, ó sì fa ọmọ náà wọ ilé ìdáná. Maria kọ̀, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, Ọlọ́run kò fẹ́ ẹ. Ìgbà 14 ni ó fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún un. Ọmọ ọdún 11 ni Maria. Ọmọ ogún ọdún ni Alessandro.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Nettuno. Àwọn oníṣègùn ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láìfi oògùn kùn ún lóorun. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, wọn kò sì lè fún un lómi. Ní ọjọ́ kejì ó sọ pé òun dárí ji Alessandro, òun sì fẹ́ kí ó wà pẹ̀lú òun ní Párádísè. Ó sì kú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ọmọbìnrin tí irú ìyà yìí ti jẹ rí, tí kò sì kú, gbọ́ lẹ́nu mi. A kò kan Maria sí ara àwọn ẹni mímọ́ láti dá ìwọ lẹ́bi. Ẹni Mímọ́ Augustine ti kọ ọ́ láti ìgbà tí àwọn ọ̀tá kó Róòmù ní 410 pé obìnrin tí a fipá bá sùn kò pàdánù ìwà mímọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ náà wà lọ́rùn ẹni tí ó fipá ṣe é. Má wẹ̀, má fọ aṣọ náà; jẹ́ kí wọ́n mú ọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí oògùn tí ń dènà àrùn éèdì kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí ó bá ti kọjá wákàtí 72.

Ìdáríjì Maria kò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún Alessandro. Èyí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn àgbà ẹbí tí wọ́n máa ń wá sí ilé àlùfáà láti bẹ̀bẹ̀ pé kí a parí ọ̀rọ̀ nílé, kí a gba owó, kí a má sì fi orúkọ ìdílé ṣeré. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọgbọ̀n ọdún fún un, nítorí kò tí ì pé ọdún 21. Ó sì lo 27 nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò kábàámọ̀ rárá. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ó lá àlá pé Maria fi òdòdó lílì lé òun lọ́wọ́, Bíṣọ́ọ̀bù Blandini bẹ̀ ẹ́ wò, ọkàn rẹ̀ sì yí padà. Kò tún purọ́ mọ́ nípa ohun tí ó ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́rìí fún Ìjọ pé ọmọ náà kọ̀ fún òun títí dé òpin.

Ó jáde ní 1929. Ní Kérésìmesì 1934, ó lọ sí Corinaldo, níbi tí Assunta ti ń ṣiṣẹ́ nílé àlùfáà, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí ji òun. Ìyá náà dáhùn pé bí ọmọ òun ti dárí jì í, òun kò lè kọ̀. Àwọn méjèèjì sì gba Ara Kristi pọ̀ níbi Mísà Kérésìmesì náà.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹfà 1950, Pópù Pius Kejìlá kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní ìta gbangba, níwájú ilé Ọlọ́run Ẹni Mímọ́ Pétérù, nítorí èrò kò lè gba inú rẹ̀. Assunta wà níbẹ̀, arúgbó tí ara rẹ̀ kò le mọ́. Ó kú ní 1954. Alessandro gbé lọ́dọ̀ àwọn Kapuṣínì, ó ń tọ́jú ọgbà wọn, títí ó fi kú ní Macerata ní oṣù Karùn-ún 1970. Nettuno ni ara Maria wà. Ní Corinaldo, nínú ilé Ọlọ́run tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, ni ìyá rẹ̀ àti ọkùnrin tí ó pa á ti ń sinmi.