Sheikh Muhammad al-Kishnawi: Àlùfáà Kàtsínà tí ó to nọ́ńbà ní Káírò

  

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ní oṣù yìí ni Sheikh Muhammad ọmọ Muhammad al-Fulani al-Kishnawi. Orúkọ rẹ̀ hàn láàrin àwọn onímọ̀ ìṣirò, ṣùgbọ́n a kì í sábà dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wa.

Fúlàní ni, agbègbè Kàtsínà ni ó sì ti wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní al-Kishnawi. Kò fi mọ sí ìmọ̀ ẹ̀sìn nìkan. Ọ̀dọ̀ Sheikh Muhammad Bindo ni ó ti kọ́ ìṣirò àti bí a ṣe ń to nọ́ńbà sínú àwọn ilé onígun mẹ́rin, kí ó tó kúrò nílé rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ó ti gba ìmọ̀ náà, lọ́wọ́ àlùfáà.

Lẹ́yìn náà ó gbéra lọ sí Hajj, ó sì wá fi Káírò ní ilẹ̀ Íjíbítì ṣe ibùgbé. Níbẹ̀ ni ó ti kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá ní 1732 lórí nọ́ńbà títò yìí. Hasan al-Jabarti, àgbà onímọ̀ ìlú náà, gbà á sílé, ilé rẹ̀ sì ni Sheikh kú sí ní 1741. Abd al-Rahman, ọmọ Hasan, ni ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ tí a fi mọ̀ ọ́n lónìí.

Irú nọ́ńbà títò tí a ń wí ni èyí:

4 9 2
3 5 7
8 1 6

Ẹ rò ó ní ìbú, ní òòró, àti láti igun dé igun: 15 ni yóò máa jẹ́. Kí ló fà á? Bí a bá ro 1 títí dé 9 pọ̀, 45 ni. Bí a bá pín in sí ìlà mẹ́ta, 15 ni ó kan ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ilé náà bá jẹ́ márùn-ún ní ìbú àti òòró, 1 títí dé 25 jẹ́ 325, ìlà kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ́ 65.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí ilé nọ́ńbà yìí rí nínú tírà àti hántù. A kò ní fi òtítọ́ pamọ́: Sheikh náà kọ̀wé lórí àṣírí lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni ó mú 15 jáde, kì í ṣe agbára kankan tí ó wà nínú ìwé. Ẹni tí ó bá mọ bí ó ṣe jẹ́, kò ní bẹ̀rù rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ìṣirò rẹ̀, kí a fi ìyókù sílẹ̀.

Nọ́ńbà tí a tò ní ìbú àti òòró báyìí ni àwọn ilé-ìwé ń pè ní mátíríìsì. Sheikh kọ́ ni ó dá ìmọ̀ mátíríìsì sílẹ̀. James Joseph Sylvester, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fún un ní orúkọ yẹn ní 1850. Ṣùgbọ́n títo nọ́ńbà kò ṣe àjèjì sí wa.

Ká ní ẹgbẹ́ wa fẹ́ pín kóńgò ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn aláìní nínú ààwẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, Ìkìrun gba ìrẹsì 4 àti ẹ̀wà 2. Ìnísà gba 3 àti 1. Òkukù gba 2 àti 2. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìkìrun gba 1 àti 3. Ìnísà 2 àti 2. Òkukù 3 àti 1. Láti ro méjèèjì pọ̀, a ó fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kún èyí tí ó wà ní àyè kan náà pẹ̀lú rẹ̀:

Ìkìrun: 5 5
Ìnísà: 5 3
Òkukù: 5 3

Bí kóńgò ìrẹsì bá jẹ́ ₦3,000, tí ti ẹ̀wà jẹ́ ₦2,000, a ó sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú iye owó tirẹ̀, a ó sì ro ìlà náà pọ̀. Ti Ìkìrun yóò jẹ́ ₦25,000; ti Ìnísà àti Òkukù, ₦21,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò yìí náà ni kọ̀ǹpútà ń ṣe. Àwòrán inú fóònù yín pàápàá, nọ́ńbà tí a tò ní ìbú àti òòró ni.

Nítorí náà, kí ọmọ ilé-kéwú lọ́kùnrin àti lóbìnrin má ṣe sá fún ìṣirò pé ìmọ̀ òyìnbó ni. Àlùfáà Kàtsínà kan ti gbé e dé Káírò ṣáájú wa.

Kí Ọlọ́hun forí ji Sheikh náà, kí Ó sì ṣe àlékún ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní fún wa. Āmín. Wa-s-salām.