Charles Martin Hall, Ẹni Tí Ó Tú Alumíníọ̀mù Sílẹ̀

Alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ yọ níbẹ̀. Ní ìlú Ìwó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ajórin lè yọ́ idẹ sí agbedeméjì irin méjì, kí wọ́n sì so mọ́ra típẹ́típẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìkòkò alumíníọ̀mù tí ó ń jò wá bá a, ọ̀rọ̀ a di méjì. Ní kété tí afẹ́fẹ́ bá ti kan alumíníọ̀mù ni èèpo fẹ́lẹ́ kan, tí ojú kò lè rí, ti ń bo ara rẹ̀. Alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ a máa yọ́ bí ooru bá tó 660°C, ṣùgbọ́n èèpo náà kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 2,050°C. Bí ajórin bá kàn ń kó iná bò ó, ìkòkò ni yóò yọ́ dànù kí èèpo tó mira.

Ohun tí ó di èèpo yìí náà ni ó há alumíníọ̀mù mọ́ inú ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún méjìlélógún kan ni ó rí ọ̀nà tí ó rọrùn láti tú u sílẹ̀.

A bí Charles Martin Hall ní ọjọ́ 6, oṣù Kejìlá, ọdún 1863, ní Thompson, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn òbí rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ìhìnrere ní Jàmáíkà kí wọ́n tó bí i. Ní ọdún 1873, wọ́n kó lọ sí Oberlin, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà tí kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn dúdú tàbí obìnrin. Julia, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kàwé níbẹ̀. Charles náà sì wọlé ní ọdún 1880. Olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jewett, a máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tí ó bá rí ọ̀nà tí alumíníọ̀mù yóò fi di ohun ọ̀pọ̀ yóò ṣe aráyé lóore, yóò sì di ọlọ́rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ Charles lọ́kàn.

Alumíníọ̀mù pọ̀ nínú ilẹ̀ ju irin lọ, síbẹ̀ ó wọ́n bí ojú nígbà náà. Nígbà tí wọ́n parí òpó ìrántí Washington ní ọdún 1884, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi dé e lórí.

Charles sọ ahéré igi tí ó wà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ di àgbẹ̀dẹ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe bátìrì tí ó ń fún un ní agbára mànàmáná. Ó dán ọ̀nà kan wò, pàbó ni ó já sí. Ó dán òmíràn wò, kò bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní ìkẹyìn ó rí i pé bí a bá yọ́ òkúta kan tí à ń pè ní cryolite, tí wọ́n ń wà ní Greenland nígbà náà, lúbúlúbú tí alumíníọ̀mù há sí a máa yòrò sínú rẹ̀ bí iyọ̀ ti ń yòrò sínú omi. Ìkòkò amọ̀ tí ó kọ́kọ́ lò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ó wá fi èédú tẹ́ inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejì, ọdún 1886, ó rán mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá fún wákàtí díẹ̀. Nígbà tí ó tutù, ó rí àwọn hóró kéékèèké tí ń dán bí fàdákà.

Kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Paul Héroult, ará Faransé tí ọjọ́ orí wọn kò jura lọ, rí ọ̀nà kan náà, ó sì béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ ní Faransé ní oṣù Kẹrin ọdún náà. Charles kò béèrè ti Amẹ́ríkà títí di oṣù Keje. Díẹ̀ ni ó kù kí iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí ó gbà á ni lẹ́tà tí ó ti kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àti ẹ̀rí tí Julia jẹ́, nítorí Julia mọ gbogbo ohun tí ó ń ṣe. Ní ọdún 1889 ni wọ́n fún un ní ìwé náà. Ní ọdún 1888 pàápàá, òun àti àwọn olówó kan ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Pittsburgh. Kí ọ̀rúndún náà sì tó parí, ìwọ̀n pọ́n-ùn alumíníọ̀mù kan kò tó dọ́là kan mọ́.

Ọgbọ́n Charles wúlò fún ajórin pẹ̀lú. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe rédíétọ̀ ọkọ̀, wọ́n a bu lúbúlúbú kan, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá cryolite, sí ojú ibi tí wọ́n fẹ́ lẹ̀. Ó ń yọ́ ní nǹkan bí 565°C, a sì tú èèpo náà ká. Lẹ́yìn náà ni alumíníọ̀mù tí a pò mọ́ sílíkọ́nì yóò yọ́ ní nǹkan bí 577°C, yóò ṣàn wọ àárín, yóò sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí ara iṣẹ́ tó yọ́. Ẹni tí ń ṣe é ní láti ṣọ́ra, nítorí alumíníọ̀mù kì í pọ́n bí irin kí ó tó yọ́, èéfín lúbúlúbú náà kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ní ọdún 1911, nígbà tí wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ Perkin dá Charles lọ́lá, Héroult wà níbẹ̀ láti bá a yọ̀. Ọdún kan náà, 1863, ni a bí àwọn méjèèjì. Ọdún kan náà, 1914, ni wọ́n sì kú. Charles kò gbé ìyàwó. Ó fi ìdá mẹ́ta ọrọ̀ rẹ̀ kan sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ Oberlin.

Ẹni tí ó bá ń kọ́ṣẹ́, ìbáà ṣe ní Ìwó tàbí ní ìlú òkèèrè, kí ó kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó ń dí i lọ́nà kí ó tó fi iná kún iná. Kí ó sì máa kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó rí i.